Bí ẹ ṣe lè ran ọmọdé lọ́wọ́ títí ìwé kíkà yóò fi já geere lẹ́nu rẹ̀

Ọmọ tó bá ń ka "a… já… A… dé… sá… lọ", tó ń ṣẹ́ ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ báyìí, kó tó dé "lọ", "ajá" ti fò lọ lórí rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló sá lọ, yóò kàn máa wojú yín ni. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Dídá lẹ́tà mọ̀ ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀, kò ku èyí tí yóò fi gbọ́ ohun tí ìwé ń wí.

Nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di kíkà tó já geere: kí ọmọ pe ọ̀rọ̀ bó ṣe wà lójú ìwé, kí ó má máa làágùn kó tó pè é, kí ohùn rẹ̀ sì máa lọ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìyára kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá ti fìdí múlẹ̀, ìyára á bá wọn dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ọmọ tí wọ́n bá ń kígbe "Yára! Yára!" mọ́, ohun méjì ni yóò kọ́: bí a ṣe ń fo ọ̀rọ̀, àti bí a ṣe ń sọ ohun tó bá ti wá síni lẹ́nu.

Ẹ ya ìṣẹ́jú 15 sí 20 sọ́tọ̀ lójúmọ́, ó kéré tán ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé kò lè rọ́pò rẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti há

Ẹ wá àyọkà tí ọmọ kò kà rí, tó ní ọ̀rọ̀ bí 100. Kí ọmọ mú ẹ̀dà kan, kí ẹ mú ìkejì pẹ̀lú pẹ́ńsù. Bó ṣe ń kà, ẹ máa fàmì sí ibi tó ti ṣì í. Ọ̀rọ̀ tó pè ní òmíràn, èyí tó fò, èyí tó fi kún un, èyí tó fi ohùn òdì pè títí ó fi di ọ̀rọ̀ mìíràn, àti èyí tó dákẹ́ lé lórí títí ẹ fi bá a pè é, àṣìṣe ni gbogbo wọn. Èyí tó ṣì, tó sì tún ṣe fúnra rẹ̀, ẹ má kà á mọ́ ọn. Àmì rere nìyẹn, ó ń gbọ́ ara rẹ̀.

Bí àṣìṣe kò bá ju 5 lọ, ìwé náà bá a mu. Bó bá jẹ́ 6 sí 10, ó lè kà á bí àgbàlagbà bá jókòó tì í. Bó bá ju 10 lọ, ẹ gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí di ìgbà mìíràn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà: ìwé kíláàsì ọmọ ni wọ́n á mú, wọ́n á ní òun náà ni kó kà, bó ti wù kó le tó. Ìwé tó le jù kì í kọ́ ọmọ ní kíkà, kíkólòlò ló ń kọ́ ọ. Ẹ má tijú láti sọ̀ kalẹ̀ sí ìwé àwọn ọmọ tó kéré sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo irú àṣìṣe tí wọ́n jẹ́. Ọmọ tó ń fi "ilé" pe "ìlù" ń wo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sì ń fi orí sọ ìyókù; sílébù (ègé ọ̀rọ̀ tí a ń pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo) ni kó padà sí. Ọmọ tó mú gbogbo lẹ́tà tó sì ṣi ohùn kò tí ì kọ́ láti máa wo àmì orí ọ̀rọ̀. Èyí tó pe gbogbo rẹ̀ dáadáa, àmọ́ tó ń rìn bí ìgbín, àtúnkà ni oògùn tirẹ̀.

2. Etí kọ́kọ́, kí ojú tó tẹ̀ lé e

Ọmọ tí etí rẹ̀ kò lè pín ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò lè tò ó pọ̀. Eré yìí kò béèrè ìwé, ìṣẹ́jú 5 sì ti tó. Ẹ pe ọ̀rọ̀, kí ọmọ pàtẹ́wọ́ sí sílébù kọ̀ọ̀kan: i-lé, méjì, e-wú-rẹ́, mẹ́ta, ọ̀-pọ̀-lọ́, mẹ́ta. Bó bá mọ ìyẹn, ẹ yí i padà. Ẹ pe sílébù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dánu dúró díẹ̀ láàárín wọn, kí ọmọ so wọ́n pọ̀: "Bà… tà." "Bàtà!" Yíyọ ló le jù: "Sọ 'ewúrẹ́', ṣùgbọ́n má sọ 'e'." Ọmọ tó bá dáhùn "wúrẹ́" láìjanpata ti ṣe tán.

Lẹ́tà n máa ń tan ọmọ jẹ. Nínú "kọ̀ǹkọ̀", àtẹ́wọ́ mẹ́ta ni: kọ̀-ǹ-kọ̀. Nínú "ọkàn", méjì péré ni, nítorí n tibẹ̀ kò dá dúró, ó kàn ń sọ fún wa pé kí á gba imú pe a ni. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ yìí ni yóò máa kọsẹ̀ ní gbogbo ibi tí "ó ń lọ" àti "wọ́n ń bọ̀" bá ti wà, wọ́n sì wà ní gbogbo ojú ìwé.

Ẹ fi dò, re, mí (ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè) kún eré náà láti ọjọ́ kìíní. "Ìwé" jẹ́ dò-mí, "ilé" jẹ́ re-mí, "bàtà" jẹ́ dò-dò, "ẹsẹ̀" jẹ́ re-dò. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú kùn ún, kí ọmọ sọ èyí tó jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ ti dárúkọ fún un.

3. Lẹ́tà 25, sílébù 126

Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní lẹ́tà 25: fáwẹ́lì 7 (a, e, ẹ, i, o, ọ, u) àti kọ́ńsónáǹtì 18 (àwọn yòókù), a sì ka gb sí lẹ́tà kan ṣoṣo. Bí a bá yọ n àti m tó ń dá dúró kúrò, kọ́ńsónáǹtì kì í jókòó ti kọ́ńsónáǹtì, bẹ́ẹ̀ ni sílébù kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. 18 lọ́nà 7 jẹ́ 126. Ọmọ tó bá dá 126 yìí mọ̀ ní wàràwàrà, tó tún mọ fáwẹ́lì aránmúpè (an, ẹn, in, ọn, un), kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí yóò dí i lọ́nà pátápátá. Oore ńlá lèyí jẹ́ fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ, a kàn kì í lò ó tó ni.

Ìró ni kí ẹ kọ́ ọ, ẹ fi orúkọ lẹ́tà sílẹ̀ ná. Bí ọmọ bá mọ b sí "bí" nìkan, bó bá rí "bá", "bí-á" ni yóò pè, yóò sì máa yà á lẹ́nu pé kò di ọ̀rọ̀. Nítorí pé kọ́ńsónáǹtì kò rọrùn láti dá pè, ẹ gbé e lé fáwẹ́lì lójú ẹsẹ̀: ba, bi, bu.

Kọ́ńsónáǹtì méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú b, l àti t, kí ẹ fi a àti i ṣe fáwẹ́lì. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọmọ ti lè ka bàtà, bàbá, àlá, ìlà. Ẹ má ṣe kọ́ ọ ní b àti d ní ọ̀sẹ̀ kan náà, nítorí wọ́n jọra bí ẹni àti òjìji rẹ̀; kí b rinlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí d tó dé. Kí g àti b fìdí múlẹ̀ kí gb tó wọlé. Ní ti s àti ṣ, e àti ẹ, o àti ọ, ẹ̀yìn tí ọmọ bá ti mọ ọ̀kan ni kí ẹ gbé ìkejì tì í, kí ó lè rí i pé kókó kékeré abẹ́ lẹ́tà ló mú ìyàtọ̀ wá. Ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú yóò fẹ́ máa pe p bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan ètè kó sì pe "pa" bó ṣe ń pè é nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, yóò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ìró kan náà ni an àti ọn ní, èyí sì máa ń da ọmọ lójú rú. Lẹ́yìn b, f, gb, p àti w ni a sábà máa ń kọ ọn (ìbọn, gbọ́n, wọ́n). Lẹ́yìn àwọn yòókù, an ni (ìtàn, ọkàn). Ní ti ẹn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń rí i, bíi nínú "ìyẹn".

Ẹ gé páálí sí káàdì, kí ẹ kọ sílébù kan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá lójúmọ́: 7 tó ti mọ̀, 3 tuntun. Èyí tó bá pè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, ó di tirẹ̀. Èyí tó bá pẹ́ lórí rẹ̀ á padà sáàárín àwọn tuntun lọ́la. Bí ẹ bá kó tuntun tó 10 síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó mọ̀ lánàá á tún pòórá.

4. Àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Lẹ́tà kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Igba, igbá, ìgbà pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń sọ pé kí á jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ lẹ́tà, kí àmì ohùn máa bọ̀ lẹ́yìn. Àbá náà kò dára. Ọmọ tó bá fi ọdún kan ka ọ̀rọ̀ láìwo àmì, ojú rẹ̀ ti kọ́ láti máa fò ó, títún un kọ́ sì le ju kíkọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́ lọ.

Àmì méjì péré ló wà láti kọ́, nítorí ohùn àárín kì í sábà gba àmì: èyí tó wó lulẹ̀ ni dò, èyí tó gòkè ni mí, ibi tó bá ṣófo ni re. Kí ọmọ fi ìka tẹ̀ lé àmì nìkan, kí ó kùn ún ní dò-re-mí, lẹ́yìn náà kí ó wá pe ọ̀rọ̀ náà gan-an. Fún gbólóhùn kan, kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ.

Ọ̀pọ̀ ìwé ni kò fàmì sí ọ̀rọ̀ dáadáa. Kí ọmọ tó kà á, ẹ fi pẹ́ńsù fi àmì sí èyí tó lè ṣì í lọ́nà. Bó bá sì ka ọ̀rọ̀ kan ní ohùn òdì, ẹ má sáré pè é fún un. Ẹ jẹ́ kó parí gbólóhùn, kí ẹ wá bi í pé: "Ọkọ́ lo pè é. Ṣé ọkọ́ lèèyàn ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò?" Yóò rẹ́rìn-ín, yóò padà wo àmì náà.

5. Àtúnkà: ibi tí iṣẹ́ wà

Ní ọdún 1979, S. Jay Samuels, onímọ̀ nípa ìwé kíkà ní Amẹ́ríkà, kọ nípa ọ̀nà kan tó rọrùn: kí ọmọ máa tún àyọkà kúkúrú kan kà títí yóò fi já geere lẹ́nu rẹ̀, kó tó lọ sí òmíràn. Ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní National Reading Panel yẹ àwọn ìwádìí wò lórílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì rí i pé kíkà sókè léraléra pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà àgbàlagbà ń mú kíkà ọmọ sunwọ̀n. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ mú àyọkà tó ní ọ̀rọ̀ 50 sí 100, èyí tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju 5 lọ nínú 100. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kà á sókè, ní ohùn tó dùn-ún gbọ́, kí ìka ọmọ máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń lọ. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Bó bá ń wo ẹnu yín, orin ló ń kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbólóhùn kan, kí òun náà kà á tẹ̀ lé yín, títí dé ìparí. Ẹ jọ kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ohùn yín máa ròkè díẹ̀, kí ẹ sì máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí tirẹ̀ ṣe ń lágbára. Ó wá kù kí ó dá a kà.

Kíkà tirẹ̀ nìkan kò gbọdọ̀ ju ìgbà 3 tàbí 4 lọ lórí àyọkà kan, ẹ sì pín in sí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, èrè rẹ̀ kéré, sùúrù ọmọ sì ti tán. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú àáyá àti iye àṣìṣe sínú ìwé kékeré kan, kí òun fúnra rẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ń dín kù. Bó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá ń dín kù ṣùgbọ́n àṣìṣe ń pọ̀, ó ti ń sáré nìyẹn. Ẹ gbé aago kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Fífi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà kìíní àti ìgbà ìkẹyìn máa ń ṣiṣẹ́ ju ìyìn lọ.

Ara rẹ̀ ni kí ẹ máa fi ọmọ wé. Àwọn iye ọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan tí ẹ óò rí káàkiri, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kò gùn bákan náà, a sì ń ya ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kéékèèké kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà, iye wọn kò ṣe é gbé wá síbí.

Ewu kan wà nínú àtúnkà: ọmọ lè há àyọkà sórí, kó máa wo òkè kà á. Láti mọ̀, ẹ nawọ́ sí ọ̀rọ̀ 5 láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ó pè wọ́n. Bí 2 bá há, kò kà á, ó kọ́ ọ lórin ni. Àwòrán náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán títí yóò fi ka ojú ìwé náà tán, kí ẹ wá jọ wò ó.

6. Bó bá há, kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹ dákẹ́. Ẹ ka 1 dé 5 nínú ọkàn yín. Ìṣẹ́jú àáyá 5 yìí máa ń gùn lára òbí, àmọ́ àárín rẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ fi ìka bo apá kan ọ̀rọ̀ náà, kí sílébù kìíní nìkan hàn, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ìkejì. Bó bá tún há, ẹ pè é fún un láìsí àlàyé. Lẹ́yìn èyíkéyìí nínú rẹ̀, kí ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà. Ìpadàsẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń so ọ̀rọ̀ tuntun mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Wo àwòrán, kí lo rò pé ó jẹ́?" kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Ó ń kọ́ ọmọ pé kò pọn dandan láti wo lẹ́tà. "Ṣé o ò rí i ni?" tún burú ju ìyẹn lọ.

7. Kí ohùn máa lọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu

Èyí kan ọmọ tí àṣìṣe rẹ̀ ti kéré, tó ṣì ń ka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jọ rìn:

Ní kùtùkùtù / ajá Adé / sáré jáde / láti inú ilé.

Kí ọmọ fi ìka gbá abẹ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó máa tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìka tó wúlò níbẹ̀rẹ̀ ló ń fa ẹsẹ̀ ọmọ sẹ́yìn báyìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ yọ ìlà náà kúrò nínú àyọkà tuntun, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ibi tó yẹ kó wà.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, fáwẹ́lì a máa pa fáwẹ́lì jẹ. "Ka ìwé" di "kàwé", "ṣe iṣẹ́" di "ṣiṣẹ́". Bí ìwé bá kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí ọmọ sì pè é papọ̀, ẹ má kà á sí àṣìṣe, etí rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ìbéèrè. Ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé ìparí gbólóhùn sókè bó bá rí àmì ìbéèrè, ìyẹn sì lè sọ ohùn ìsàlẹ̀ di òkè. Ní Yorùbá, "ṣé", "ǹjẹ́" àti "kí ni" ló ń béèrè. Ọ̀rọ̀ ìparí máa ń di ohùn tirẹ̀ mú.

Níbi kọ́mà, kí ó mí díẹ̀. Níbi àmì ìdánudúró, kí ó mí dáadáa. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, kí ó gbé ohùn ẹni náà wọ̀. Ọmọ kì í lè ṣe èyí bí kò bá gbọ́ ohun tó ń kà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìdánwò tó dáa ju ìbéèrè mẹ́wàá lọ.

8. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ju ìdánrawò lọ

Kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 7 máa ṣi b pè ní d lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ohun tí à ń já láyà sí. Àmọ́ bí ọmọ bá ń súnmọ́ ìwé jù, tó ń dijú kan, tó ń fo ìlà, tàbí tí orí ń fọ́ ọ bó bá kàwé, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò kí ẹ tó fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ń ṣi ìró tó jọra gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, etí ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bí ojú àti etí bá dára, tí ẹ sì ti ṣe é lójoojúmọ́ fún bí oṣù mẹ́ta láìsí ìyípadà, ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ àṣìṣe sí lọ bá olùkọ́ tàbí onímọ̀ nípa ìṣòro kíkà. Ó lè jẹ́ dyslexia (ìṣòro tó ń mú kí ìwé kíkà nira fún ọmọ), èyí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀lẹ tàbí òpè. Ohun tó wà nínú ìwé kékeré yẹn yóò wúlò fún wọn ju "kò mọ̀ ọ́n kà" lọ.

Ọmọ tó ti ń kà geere yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ dákẹ́ kà. Ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ètè rẹ̀ lè máa mì fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹ má bá a wí, yóò dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ní kó ka ojú ewé kan sókè sí yín létí, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti ń fo àwọn ọ̀rọ̀ gígùn.